Ìkéde: Iṣẹ́ Gbọ̀ngàn Ìpàdé Wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kí yín o.

Gbogbo wa la mọ ohun tójú ń rí nínú gbọ̀ngàn lọ́sàn-án: páànù gbóná, fáànù ń fẹ́ ooru síni lára, àwọn ìyá wa ò sì lè jókòó parí ìpàdé. Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé a ò ní ra ẹ̀rọ amúlétutù. Owó iná rẹ̀, ta ni yóò san án? Fèrèsé la ó là sí ògiri ẹ̀yìn, kó kọjú sí ti iwájú, kí atẹ́gùn lè wọ ibí, kó gba ọ̀hún jáde. A ó tún dá ihò sókè ògiri, torí òkè ni ooru ń gbà.

Ẹni tó bá ní ojà ìkookò nílé, ewéko tí ewé rẹ̀ nà ṣóńṣó sókè bí idà, kó mú díẹ̀ wá nínú ìkòkò amọ̀ ká gbé e sí gbọ̀ngàn. Ẹ má rọ omi sí i lójoojúmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà. Ẹ má sì jẹ́ kómi dúró sábẹ́ ìkòkò, àfi tá a bá fẹ́ máa sin ẹ̀fọn.

A ò ní gé igi máńgòrò iwájú o. Ẹni tó dá a lábàá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ ibòòji rẹ̀ lẹ máa ń gbé ọ̀kadà yín sí.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú ṣọ́bìrì dání. Ẹ san owó bíríkìlà fún akápò kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́