Owó gbà-má-bínú kì í ṣe àánú ọ̀gá

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Orúkọ tí a sọ owó tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ṣe léṣe, tí iṣẹ́ kó àìsàn bá, tàbí tí iṣẹ́ pa, gan-an ló ń kó bá òṣìṣẹ́. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ "gbà-má-bínú", á rò pé ọ̀gá ló ṣàánú òun, pé ojúkòkòrò ni kí òun tún bèèrè lẹ́yìn ohun tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, òfin gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò fi í sọ́wọ́ ọ̀gá láti fúnni tàbí láti dù ú. Àpò kan wà lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni owó náà ti ń jáde. Ọ̀gá ló ń dá owó sínú rẹ̀ lóṣooṣù, náírà 1 nínú 100 àpapọ̀ owó tó ń san fún òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ nìkan kọ́ ni òfin ọ̀hún ń bá wí. Lébírà ojoojúmọ́ níbi ìfọ́kúta ní Òdèdá, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ tí omi sódà ta sí lójú nídìí ìkòkò aró ní Ìtòkú, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi bára wọn ṣàdéhùn.

Ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Kí ó tó pé ni kí òṣìṣẹ́ ti sọ fún ọ̀gá, tàbí fọ́mànù, tàbí ẹni tó ń tọ́jú àpótí oògùn níbi iṣẹ́: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí fọ́mànù buwọ́ lu ọ̀kan. Bó bá kọ̀, ẹ fi fóònù yà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kí ọjọ́ lè hàn. Ọ̀gá ní tirẹ̀ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Bó bá jẹ́ ikú, lójú ẹsẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń bèèrè owó kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 1 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Àìsàn ló le jù. Egbò ń ṣẹ̀jẹ̀, gbogbo ayé rí i, ṣùgbọ́n eruku òkúta a máa pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró kó tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé àrùn iṣẹ́ ni ọjọ́ 14 tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ba ti irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé wọ́n á gba oògùn ikọ́ ní kẹ́mísì, kò ní sí ìwé kankan. Ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti iye ọdún tí ẹ ti ń ṣe é, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìjàǹbá ojú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ wà nínú òfin náà. Kódà ọ̀nà bùkà tí ẹ ti ń jẹun wà níbẹ̀, bí ọ̀gá bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń lọ. Ẹ tètè sọ fún un!

Ní ti ìwé "mo ti gbowó, n kò ní ẹjọ́ mọ́" tí wọ́n ń fi lé aláìsàn lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, òfo ni lójú òfin. Òṣìṣẹ́ kò lè bá ọ̀gá ṣàdéhùn láti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, bó tiẹ̀ tẹ̀ka sí i. Bí iṣẹ́ bá pa ọkọ, tí opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbójú lé owó rẹ̀ pátápátá, 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ló tọ́ sí wọn, lóṣooṣù. Ẹ wá fi wé àpò ìrẹsì kan àti owó pósí tí wọ́n fi ń kí wọn.

Òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.