Ẹ̀sùn lórí táǹkì Sherman: ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ wíìlì, kì í ṣe gọ́ọ̀mù mi

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo kọ̀wé sí yín lóṣù tó kọjá nípa kíìtì táǹkì Sherman M4A1 oníke, ìyẹn páálí ẹ̀yà ike tí a ń tò pọ̀ di táǹkì ogun Amẹ́ríkà kékeré, ìwọ̀n 1/35 (táǹkì gidi gùn jù ú ní ìlọ́po márùndínlógójì), tí mo rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín. Èsì tí ẹ fún mi kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ ní gọ́ọ̀mù tí mo lò ló pọ̀ jù, pé òun ló yọ́ wíìlì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tún ń kọ̀wé, tí mo sì fi fọ́tò mẹ́jọ tì í.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ẹ̀tọ́ yín. Ara òkè táǹkì náà dára púpọ̀. M4A1 ni Sherman tó kọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́, ní oṣù kejì ọdún 1942, dídà ni wọ́n sì da irin òkè rẹ̀, wọn ò jó irin pẹlẹbẹ pọ̀ bíi ti M4A3, irú Sherman mìíràn. Ohun tó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ rí róbótó nìyẹn, tí ojú irin rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Nínú ọ̀pọ̀ kíìtì, àwa fúnra wa la máa ń fi gọ́ọ̀mù olómi rọ ojú ike, ká wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ le máa gún un títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Tiyín kò nílò rẹ̀ rárá. Ìbọn 75 mm iwájú rẹ̀ náà tọ́ gbọọrọ. Mo ka ojú ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì tó yí wíìlì ká tí táǹkì fi ń rìn, 79 ló pé lápá kọ̀ọ̀kan, bíi ti táǹkì gidi gan-an. Mo mọ̀ pé ẹni tó ya kíìtì yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n yẹn náà ló bà á jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tò ó, lálaalẹ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí pẹpẹ, mo rí i pé ó ti ń fì sápá òsì. Mo gbé e sábẹ́ iná. Mo fi èékánná kan wíìlì kejì, èékánná mi sì rì wọlé. Ike náà ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo rọra ká ẹ̀wọ̀n náà kúrò, ojú rẹ̀ ti tẹ ara rẹ̀ sí etí wíìlì bí ẹni tẹ òǹtẹ̀, ó sì bó ọ̀dà ibẹ̀ lọ. Nínú wíìlì méjìlá, mẹ́sàn-án ló ti bàjẹ́, apá kan tó gbé wíìlì dúró sì ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Ohun tó fà á kò ṣókùnkùn. Kí ẹ̀wọ̀n vinyl (irú ike kan tó máa ń rọ̀) lè rọ̀ dáadáa, wọ́n máa ń po èròjà kan tó dà bí òróró mọ́ ọn. Èròjà yẹn kì í jókòó sójú kan. Ó máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀, tó bá sì kan polystyrene, ike líle tí wọ́n fi ṣe wíìlì, tí ọ̀dà kò bò, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́. Àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń kìlọ̀ fún ara wa: lọ́jọ́ tó o bá ṣí páálí, yọ ẹ̀wọ̀n sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀, kun wíìlì yíká, títí kan ibi tí ẹ̀wọ̀n máa bò, fi fáníìṣì bò ó, jẹ́ kó gbẹ délẹ̀délẹ̀ kó o tó wọ ẹ̀wọ̀n sí i.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwé ìlànà yín ni mo tẹ̀ lé ní ẹsẹẹsẹ, torí mo fẹ́ mọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe tò ó, kí n tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ìwé náà ní ká wọ ẹ̀wọ̀n ní ìpele 9. Ìpele 22 ló tó dárúkọ ọ̀dà. Ìkìlọ̀ kankan kò sí níbẹ̀.

Ní ti gọ́ọ̀mù, ẹ wo fọ́tò keje àti ìkẹjọ. Páálí kejì nìyẹn, kíìtì kan náà, tí mo rà fún àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì tò ó. Inú ọ̀rá kan ṣoṣo ni ẹ di férémù wíìlì (igi ike tí àwọn wíìlì ṣì so mọ́) àti ẹ̀wọ̀n pọ̀ sí. Nígbà tí mo ya ọ̀rá náà, wíìlì mẹ́rin ti ní ojú ihò wẹ́rẹwẹ̀rẹ níbi tí ẹ̀wọ̀n sùn lé wọn. Gọ́ọ̀mù kankan kò kan férémù yẹn rí.

Ibi tó ká mi lára jù lọ nìyí. Ènìyàn mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ra kíìtì yìí nítorí pé mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn. Tàwọn náà ti bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti kó búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíì, ó ní ó hàn pé ọwọ́ òun kò gba iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi súùrù kun ojú awakọ̀ táǹkì tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ! Ọwọ́ rẹ̀ dára. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìwé tiyín ló yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ fi férémù wíìlì tuntun ránṣẹ́ sí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú tàbúrò mi, àti ẹ̀wọ̀n oníke líle tí wọ́n ń tò lójú kọ̀ọ̀kan dípò èyí tó rọ̀. Kí ẹ ya ọ̀rá ẹ̀wọ̀n sọ́tọ̀ nínú àwọn páálí tí ẹ kò tíì tà, kí ẹ fi ìkìlọ̀ sí ìwé ìlànà, kí ìpele ọ̀dà sì ṣáájú ti ẹ̀wọ̀n. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi pé kì í ṣe gọ́ọ̀mù ló fà á, kí n lè fi han ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

N kò tíì ju ohunkóhun nù. Páálí kejì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí yín fún àyẹ̀wò. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ẹni tó ra Sherman M4A1