Ẹ Má Sọ Ti Táìlì

Manchester,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́? Mo rí fọ́tò táìlì tí ẹ fi ránṣẹ́. Aláwọ̀ eérú yẹn ni kí wọ́n lẹ̀ sí pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ táìlì yìí náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Lálẹ́ àná, mi ò lọ síṣẹ́, oorun ò sì kùn mí, ni mo bá tún wo fíìmù kan, Lost in Translation, tí Sofia Coppola ṣe ní 2003. Bill Murray ló ṣe Bob, òṣèré Amẹ́ríkà kan tó wá polówó ọtí wisikí ní Tokyo. Mílíọ̀nù 2 dọ́là ni wọ́n fẹ́ san fún un. Síbẹ̀, ẹ wò ó létí bẹ́ẹ̀dì lóru, pẹ̀lú sálúbàtà òtẹ́ẹ̀lì lẹ́sẹ̀, kò sùn, kò jí. Ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọdún 25 di àpẹẹrẹ kápẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i látilé, pé kó mú èyí tó wù ú. Bob sọ fún un lórí fóònù pé gbogbo nǹkan ti dà rú mọ́ òun lójú. Ìyàwó ní kápẹ́ẹ̀tì lásán mà ni. Ó ní kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì lòun ń sọ.

Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Mo ṣí WhatsApp wa, mo yí i sókè títí: páànù, sìmẹ́ǹtì, owó birikìlà. Èmi náà: “Ṣé ó ti wọlé?” Ẹ ò ṣẹ̀ mí o. Ẹ̀yin lẹ ń dúró ti ilé fún mi, Ọlọ́run á san án fún yín.

Àwọn kan ní fíìmù ìṣekúṣe ni, nítorí ọmọbìnrin tí Bob bá pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, Charlotte, tí oorun kì í kùn lóun náà. Mi ò gbà. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ó fọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n sùn lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lóru ọjọ́ náà.

Àǹtí mi, láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì, ilé yìí dákẹ́ jù. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, ìyá wọn ń ṣe ti ọ̀sán. Ara fíríìjì la ti ń kọ̀wé síra wa: owó iná, mílíìkì ti tán. Mi ò tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan.

Tí ẹ bá pè mí ní Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti táìlì. Ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ fún mi. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá bí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, kí n gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ.

Àbúrò yín,
Àkànní