Lẹ́tà sí Bàbá Vaughan, káfíńtà ọmọ Camden

Bàbá Vaughan,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ ò mọ̀ mí rí, ṣùgbọ́n ọmọ káfíńtà ni mí. Ìró ayùn ló ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín kò fi kúrò lọ́kàn mi.

Camden ní South Carolina ni wọ́n ti bí yín lọ́dún 1828. Scipio bàbá yín ti ṣe ẹrú rí. Ìdílé yín ń sọ ọ́ di òní pé Ẹ̀gbá ni wọ́n, pé nígbà tí wọ́n ń kú lọ lọ́dún 1840, wọ́n ní kí ẹ̀yin ọmọ padà sí Áfíríkà. Àwọn kan tiẹ̀ ní Abẹ́òkúta gan-an ni wọ́n ti jí wọn gbé. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ẹ ti tó ọmọ ọdún méjì kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó. Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ ìdágbére bàbá yín gbọ́.

Òfin South Carolina nígbà náà ló ń dùn mí jù. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tó dúró fún un bí alágbàtọ́, bí ẹni pé ọmọdé ni. Bó bá sì jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ padà wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí ẹ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Làìbéríà lọ́dún 1852, ẹ fi àwọn ọmọ ìyá yín obìnrin sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì ti pa dé lẹ́yìn yín.

Ní 1855, ìjọ Onítẹ̀bọmi ti gúúsù Amẹ́ríkà mú yín wá sílẹ̀ Yorùbá kí ẹ máa bá wọn kọ́lé. Ogun tú Ìjàyè ká lórí yín. Ẹ sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ifọ́lé, ìyẹn ìrúkèrúdò tí wọ́n fi fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n sì lé wọn, tún lé yín jáde níbẹ̀ ní 1867. Ìlú Ẹ̀gbá, ẹ̀yin tí wọ́n ní ọmọ Ẹ̀gbá ni yín! Báwo ló ṣe rí lára yín lọ́jọ́ náà?

Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló bá yín dé Èkó. Ẹ ṣe káfíńtà, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò irin, ẹ lówó, ẹ nílé, ẹ nílẹ̀. Ẹ ò nílò òyìnbó alágbàtọ́ kankan kí ẹ tó lè gbé lórí ilẹ̀ náà.

Ìjọ tó mú yín wá, torí kí onẹ́rú lè ṣe míṣọ́nnárì ni wọ́n ṣe ya kúrò lára àwọn ará àríwá ní 1845. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Nígbà tí òyìnbó lé Pásítọ̀ Moses Ladejo Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè ní 1888, ẹ wà lára àwọn àgbà tó jáde lọ dá ìjọ Native Baptist sílẹ̀, ìjọ tí òyìnbó kò darí. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà lẹ fi ayé sílẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ di olówó tán, ṣé ẹ ṣì máa ń mú òòlù? Bàbá mi kò fi tiwọn sílẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi ń gbọ̀n. Ó wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Èékù rẹ̀ ti dán níbi tí àtàńpàkò wọn máa ń wà.

Èmi ni,
Ọmọ káfíńtà