Sí ẹ̀yin oníbàárà wa: ìdí tí owó ẹ̀rọ tó ń gé kéènì fi lọ sókè

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan nínú yín kí ẹ tó ṣí lẹ́tà yìí rárá, torí àǹtí tó kọ́kọ́ gbọ́ iye tuntun lánàá, ṣe ni wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Mi ò bínú sí wọn.

Ẹ̀rọ wa tó ń gé kéènì, ìyẹn ọ̀pá polymer clay (amọ̀ oníke tí wọ́n ń yan kó le) tó ní òdòdó nínú, tí ẹ ń gé wẹ́wẹ́ fi ṣe yẹtí, èyí tí ẹ ń rà ní ₦28,000 ti di ₦41,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, a ò sì ní máa fi abẹ sí i mọ́, abẹ ti dá dúró lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Kì í ṣe pákó ló fà á. Kì í sì í ṣe súkúrúù náà, M6, èyí tó nípọn ní mílímítà mẹ́fà, ni mo ṣì ń rà ní Gate n'Íbàdàn níbí, tẹ́ ẹ bá yí i ní odindi ẹ̀ẹ̀kan, kéènì á sún síwájú ní mílímítà kan géérégé, tẹ́ ẹ bá yí i dé ìdajì, ìdajì mílímítà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, èmi ni mo jókòó rò ó nígbà tí ìyàwó mi ń fi ojú wọ̀n ọ́n gé, tí yẹtí kan á nípọn bíi bisikíìtì, tí èkejì á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Abẹ ni wàhálà. Abẹ gígùn tó tín-ín-rín tí polymer clay ń fẹ́ yẹn, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó o wá, ọ̀gá kan ló sì ń bá mi kó o láti 2021. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là tó jẹ́ ₦460 àti díẹ̀ ní báńkì kò pé ọdún kan tó fi kọjá ₦1,500, mo gbé ìyẹn mì, mi ò pariwo. Àmọ́ lọ́dún yìí mo sanwó abẹ 300 sílẹ̀ pátápátá, ọ̀gá yìí lọ rà á níbòmíràn kò sọ fún mi, abẹ náà wá rọ̀. Bó bá ti kan kéènì tó tutù, àárín rẹ̀ á tẹ̀, ègé á nípọn lápá kan á fẹ́lẹ́ lápá kejì, ibi tó fẹ́lẹ́ yẹn náà ló sì máa ń ṣẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yan án tán. Ẹ wá ń pè mí pé ẹ̀rọ mi ló wọ́! Mo tú ẹ̀rọ mẹ́ta palẹ̀ lóru kan ṣoṣo, mò ń wá ibi tó ti wọ́, kí n tó ronú láti fi àtàǹpàkò tẹ abẹ wò. Mo pe ọ̀gá, ó ní abẹ ni abẹ ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láti Àjíǹde wá, kó mú abẹ ẹ̀ wá, a máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnìkan á ní, tí abẹ bá ti kúrò ńbẹ̀, ṣé kò yẹ kówó wálẹ̀ ni? Ó yẹ. Àmọ́ wẹ́dà ló ń bá wa ṣe férémù irin báyìí, férémù yìí máa ń fa abẹ le lórí méjèèjì bíi ti ayùn irin, kò lè tẹ̀ mọ́, wẹ́dà ò sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àti pé owó abẹ 300 yẹn ṣì wà lọ́rùn mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yin náà, ẹ dákun, ẹ bá mi ṣe díẹ̀. Ẹ má gbé kéènì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ yí tán sínú ẹ̀rọ nínú ooru yìí, ẹ gbé e sí fìríìjì ná, tí kò bá sí iná ẹ fi omi tútù sínú abọ́ kẹ́ ẹ wé e ní ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń gé e, kẹ́ ẹ máa yí kéènì náà díẹ̀ lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan kí òdòdó inú ẹ̀ má baà fẹ̀ sápá kan. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀bi abẹ.

Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó jáde, ₦28,000 náà ni tiwọn, pẹ̀lú férémù tuntun. Èmi ti gbà, ìyàwó mi ni kò tíì gbà.