Ẹ ṣé o! Ọjọ́ ìbí 70 ọdún Dádì ti kẹ́sẹ járí

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará, ó parí! Ìnáwó Dádì lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin tí ẹ wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin ará Dallas tí ẹ wakọ̀ lóru wá sí Houston, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, àpò yín kò ní gbẹ.

Mọ́mì Alásè, ẹ pọ̀! Gáàsì tán nígbà tí ìrẹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó, ẹ ò jẹ́ kí Dádì gbọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ tí Dádì sọ kí wọ́n tó gé kéèkì kò tíì kúrò lọ́kàn wa. A ti mọ̀ pé wọ́n á dárúkọ Earl Anthony, gbajúmọ̀ ará Amẹ́ríkà nínú eré bowling (eré yíyí bọ́ọ̀lù lu igi). Ta ni kò mọ ìtàn yẹn lórí nínú ilé wa? Ọmọ Tacoma, ọlọ́wọ́ òsì, òṣìṣẹ́ òru nílé ìkẹ́rù oúnjẹ, tó ti pé ọdún 21 kó tó bẹ̀rẹ̀ bowling. Ní 1963 ó lọ bá àwọn tó ń fi eré náà jẹun, kò rí kọ́bọ̀ mú bọ̀. Ní 1975, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba ju $100,000 lọ lọ́dún kan. Àìsàn ọkàn kọ lù ú ní 1978, ó dìde. Ní 1982 àpapọ̀ owó tó ti gbà nínú eré náà wọ mílíọ̀nù dọ́là, òun náà tún ni àkọ́kọ́. Ife-ẹ̀yẹ 43 nínú ìdíje PBA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bowling jẹun! Dádì tó ń gbàgbé ọjọ́ ìbí wa kì í gbàgbé iye yẹn.

Èyí tí a ò gbọ́ rí ni pé wọ́n máa ń na Dádì lọ́wọ́ òsì ní kékeré, torí òun ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ. Bí Mọ́mì Àgbà ṣe dìde nìyẹn, àwọn gan-an tó ń nà wọ́n nígbà náà. Wọ́n jó dé iwájú, wọ́n di ọwọ́ òsì àbúrò wọn mú, wọ́n ń lẹ dọ́là mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni kò sunkún? Ẹni tó bá ya fídíò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Pásítọ̀, onílù, alága, ẹgbẹ́ bowling Dádì tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí (àwọn òyìnbó tó dọ̀bálẹ̀!), ẹ ṣé gan-an.

Ẹni tí a kò dárúkọ, ẹni tí oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn kò kàn, ẹ má bínú, èrò ló pọ̀. Ayọ̀ ni a ó máa bá ara wa ṣe, a kò ní fi ìbànújẹ́ san án. Ire á kárí.

Gèlè aláwọ̀ ewé kan àti kúlà méjì wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá gbà wọ́n o.

Àwa ọmọ Dádì