Kí Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Àdúgbò Jáde Dupò Káńsẹ́lọ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn òǹkàwé yín dá lórí ipò káńsẹ́lọ̀, èyí tó súnmọ́ ará ìlú jù lọ nínú ìṣèlú wa, àti irú ẹni tó yẹ kó máa jáde dù ú ní Abẹ́òkúta.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà kankan má sì tú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo ènìyàn ń sọ: ta ni yóò gbà á, ta ni yóò dá a dúró. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé a gbójú fo àwọn tí yóò jókòó ti owó náà. Bí káńsẹ́lọ̀ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó mọ̀ ọ́n tí kò lè yanu níwájú alága nítorí pé ẹnìkan náà ló fa àwọn méjèèjì kalẹ̀, owó lè gba ọ̀nà tó tọ́ dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Aké, kí gọ́tà wa sì wà bó ṣe wà.

Ìwé òfin ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, títì àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, iná ojú pópó, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti olóògbé sílẹ̀, àti ipa tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ẹni tó bá gba Ìtòkú lọ sí Lafẹ́nwá yóò ti fojú rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni wọ́n. Nígbà tí àgbàrá òjò ya wọ ilé àti ọjà wa ní oṣù Keje ọdún 2018, ó gbé ènìyàn lọ. Káńsẹ́lọ̀ tó bá pín ìrẹsì nígbà ọdún, tí kò bá béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà wọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà tí ìwé ìṣúná dé iwájú rẹ̀, kò tíì ṣiṣẹ́.

Àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Inú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo wa mọ̀ sí CDA, ni wọ́n wà. Akọ̀wé CDA tiwa ní ìwé ńlá kan tó fi rúlà fa ìlà sí, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: iye tí onílé dá fún òpó iná, iye tí ayálégbé dá fún yanrìn àti òkúta tí a fi dí kòtò, iye tó ṣẹ́kù àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè níbi ìpàdé, yóò ṣí ojú ewé náà, yóò kà á sókè, kò sì ní bínú. Nígbà tí àwa kan rọ̀ ọ́ pé kó jáde fún káńsẹ́lọ̀, ó ní òun kò ní bàbá ìsàlẹ̀, òun kò sì ní ta ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù àti pọ́sítà.

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Òfin fúnra rẹ̀ kò ní kéèyàn lówó. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 25, tó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀, lè dupò. Ibi tí wàhálà wà ni pé a kò lè dá dupò láìsí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìpàdé wọ́ọ̀dù tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń ṣe ni wọ́n ti ń mú olùdíje, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ènìyàn dáadáa kì í yọjú sí. Kí irú akọ̀wé yìí gba káàdì ẹgbẹ́ tó bá wù ú kí ìbò tó sún mọ́lé, kí ó máa lọ sí ìpàdé. Kí àwa náà sì dá owó fọ́ọ̀mù fún un bí a ṣe ń dá ti òpó iná, ní gbangba, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kó lè jẹ́ pé àdúgbò ló jẹ ní gbèsè tó bá wọlé.

Àwọn ìyá wa nílùú yìí kò ní bàbá ìsàlẹ̀. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, lábẹ́ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, gbógun ti owó orí obìnrin lẹ́yìn ọdún 1945, wọ́n ní kí akáǹtáǹtì yẹ ìwé ìnáwó àwọn aláṣẹ wò, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì kún iwájú ààfin Aké. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, owó orí náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin sì ti wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Lónìí, a máa ń pe ìyálọ́jà kó wá kó èrò jọ fún olùdíje, a kì í bi í bóyá òun náà fẹ́ dupò.

Mo ń rọ àwọn CDA ní Gúúsù àti Àríwá Abẹ́òkúta pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí wọn yóò jíròrò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí wọ́n ti rí ọwọ́ wọn nínú iṣẹ́. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ inú ìwé òfin náà jáde ní kíkún, kí ìbò tó kàn tó dé, kí olùdìbò lè mú un dání nígbà tí olùdíje bá kan ilẹ̀kùn.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùgbé Ìjẹùn, Abẹ́òkúta